Ìrì Kọ́ Ni Mo Rí Lára Ọkọ̀ Yẹn

Ẹ bá mi fa ẹní súnmọ́ ògiri, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ lóròó. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí òkèlè ti ń há mi lọ́fun. Ara mi kò kúkú ṣe òjòjò. Ẹni tó ti sùn sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù nínú òjò Màkúdí, tó ti tú táyà nínú yanrìn gbígbóná Màídúgùrì, kì í ṣe ibà ni yóò mú un kọ oúnjẹ. Ohun tó ń há mi lọ́fun ni pé obìnrin kan ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá, èmi tí mo dá ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an ló sì ń gbé oúnjẹ fún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ta ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí? Ta ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní tutọ́ sílẹ̀?

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni obìnrin tí mò ń wí yìí, Ìyá Adéọlá. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú láti ọdún mélòó kan, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Yàrá ẹ̀yìn nínú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ kọ́ ní Òmù-Àrán ni mò ń gbé. N kò níyàwó, n kò ní ọmọ tí mo mọ̀, n kò sì ní ibòmíràn tí mo lè forí lé. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, gbogbo ẹbí ń múra àtilọ síbi ìdúpẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó tí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kò tètè múra tán, àwọn obìnrin ilé sì ti ń kùn. Ìyá Adéọlá fa ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, má bínú sí wọn. Èmi ni kí o fi kọ́gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dá ìrìn-àjò dúró láyé mi, mo sì fi du ìyá ọkọ mi ní ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Títí wọn ó fi gbé mi sin, n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi." Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà, n kò jìnnà sí wọn rárá. Mo wúkọ́. Gbogbo ohun tí mo ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ìgbà tí ayé ṣì ń ta sánsán. Ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira. Wọ́n tò wá lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí pápá, oòrùn ń pa wá, a ń ju àsíá kékeré, wọ́n sì fún wa ní ìrẹsì jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà nígbà náà, ló ń darí wa. Ó wọ ṣòkòtò péńpé funfun, ó ń fọn fèrè bíi pé òun ló gba òmìnira náà fún wa. Kí ọdún yẹn tó parí, mo ti gun ọkọ̀ oníṣu lọ sí Jọ́ọ̀sì láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará wa tó ń ta aṣọ níbẹ̀ ní kí n wá kọ́ òwò, mo ní mọ́tò ni mo fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀nà ìwé, èmi gba ọ̀nà ọ̀dà. Mo ṣe ọmọ ọkọ̀, mo di awakọ̀, mo kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì lábẹ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ sáàárín igbó, níbi tí kò sí ọ̀gá kankan tí ènìyàn lè bi léèrè. Inú gáràjì ni mo wà tí rédíò fi sọ pé a ti ní ìpínlẹ̀ tiwa, kí wọ́n tó wá sọ orúkọ rẹ̀ ní Kwara. Àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ kí mi kú oríire, wọ́n ní kí n ra ọtí. Mo rà á, ṣùgbọ́n mo ń rò ó lọ́kàn ara mi pé ìpínlẹ̀ ti wà, ilé ńkọ́? Bí mo bá wà lókè Ọya, wọ́n á ní ará Ìlọrin ni mí. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ dé Ìbàdàn, wọ́n á ní Gàmbàrí ni mí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níyàwó, ọmọ Èsìẹ́, arẹwà obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Nínú àṣà tiwa, gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rá. Kò gbọdọ̀ pè mí lórúkọ. Ó wò mí bí mo ṣe ń gbé àpò wọlé, tí mo tún ń gbé e jáde, ó sì sọ mí ní Bọ̀ọ̀dá Jọ́ọ̀sì. Nígbàkígbà tí mo bá dé, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, á wá fẹjú, á ní, "Bọ̀ọ̀dá Jọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ti dé ni, àbí ẹ ti ń lọ?" Èmi náà á ní, "Mo ṣì ń wo ojú ọbẹ̀ ná." Ìyá wa á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn! Mo ti gbọ́ ẹ̀rín káàkiri Nàìjíríà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ọmọ Òkè-Ọdẹ ni ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù láyé, wà níbẹ̀. Ọ̀nà Òkè-Ọdẹ nígbà yẹn kò dára, ọkọ̀ akẹ́rù ló sábà máa ń lọ síbẹ̀, ìyá wa sì ti jábọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́ẹ̀kan, ìbàdí rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà ni kò ti lè gun ọkọ̀ gíga mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí rán àwọn ọlọ́jà sí i, òun náà á fi iyọ̀ àti ọṣẹ ránṣẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ẹrù kí ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wá di ọjọ́ kan, ọlọ́jà kan mú iṣẹ́ mìíràn wá. Ó ní Ìyá Òkè-Ọdẹ, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n náà, ní, "Ẹ sọ fún Àdùkẹ́ pé ojú mi ti ń ṣú. Kí ó wá, kí n rí i kí ó tó ṣú tán." Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ṣì ń pe ìyá wa ní Àdùkẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ pinnu láti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Àkókò yẹn, ìjọba ń yá àwọn òṣìṣẹ́ lówó ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ti di ọ̀gá ilé ìwé. Ìyàwó rẹ̀ ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán kún owó oṣù tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn: kí wọ́n ra tuntun tí kò fẹ̀ púpọ̀, tàbí kí wọ́n ra àlòkù tó fẹ̀, tó rọ̀, tí ìyá wa ti lè na ẹsẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ẹ gbọ́ o, èmi tí ẹnikẹ́ni kò bi ní ohunkóhun rí! Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé, "Àbúrò mi, ìwọ ni ojú wa." Mo ka lẹ́tà náà nínú gáràjì lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi í han ẹni tó lè kà á àti ẹni tí kò lè kà á.

Àwa mẹ́ta la lọ sí Ìlọrin. Ọkọ̀ tuntun náà funfun bí òwú, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé itan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n dá aṣọ ọdún fún. Ọkùnrin tó ń tà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n máa gbé e padà wá fún àwọn ní gbogbo oṣù mẹ́ta, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì ẹ̀bá títì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dára. Èmi fúnra mi ni n ó máa wà á. Mo ti ń kọ́ ọ." Kò sọ ọ́ láti fi bú mi o. Ṣùgbọ́n bí ó ti sọ ọ́ báyìí ni nǹkan kan já lulẹ̀ nínú mi. Mo wo ọkọ̀ funfun yẹn, mo rí i pé kò sí ibi tí mo wọ̀ sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá rà á, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á fún mi ní owó ọkọ̀, mo di ẹni tó ń padà sí Jọ́ọ̀sì. Mo sì ti ń dàgbà. Sísùn ní gáràjì ti sú mi.

Àlòkù náà wà ní Gànmọ, lábẹ́ igi máńgòrò kan nínú ọgbà kọngílá tó fẹ́ tà á. Àwọ̀ eérú ni, ó fẹ̀ bíi yàrá, ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, mo sì rí ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ògì. Ẹni tó bá ti jẹ iyọ̀ mọ́tò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: omi ti ń wọ inú ọ́ìlì, àìsàn ti wà nínú ẹ́ńjìnnì náà, ojú rẹ̀ lásán ló ń dán. Kí n tó dé e padà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Jọ́ọ̀sì, kí ni funfun yẹn?"

Mo ní, "Ìrì ni. Ọkọ̀ tó bá ń sùn síta, ìrì máa ń sẹ̀ sí i."

Ó gbójú sókè wo ewé máńgòrò tí eruku ọyẹ́ ti bò. Ó ní, "Ìrì? Nínú ọyẹ́ tó gbẹ báyìí, tí ètè gbogbo wa ti là?"

Mo ní, "Ìyàwó, ìwọ lo mọ ṣọ́ọ̀kì, èmi ni mo mọ mọ́tò." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo fi àkísà nu ìdérí náà mọ́ tónítóní, mo sì dé e padà.

Nígbà tí a padà délé, a kó ọ̀rọ̀ náà lọ sí yàrá ìyá wa. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ilé, wà níjòókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ ohun tí mo rí. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, páànù ni tuntun yẹn. Kí ẹ tó gbé e kọjá Ìgbàjà, gbogbo ara rẹ̀ á ti máa dún. Irin gidi ni èkejì. Ìyá á na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó bá sì ṣe é, èmi wà níbí." Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkọ mi, n kò mọ mọ́tò o, ṣùgbọ́n mo rí ohun funfun kan nínú rẹ̀ tí ọkàn mi kò gbà." Bàbá Kékeré kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ọmọ ilé ti sọ̀rọ̀. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ ọmọ ilé ní iṣẹ́ rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀?" Ó ní, "Rárá, bàbá. Ẹ má bínú." Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí! Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún sá kúrò nílé, ọ̀rọ̀ mi gun orí ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń fọ ẹsẹ̀ ìyá wa lójoojúmọ́, nítorí pé ilé ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e.

Wọ́n ra àlòkù. Kí n má purọ́ fún yín, èyí tí mo pa ti tó: àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e ni oṣù tó dùn jù láyé mi. Wọ́n fún mi ní yàrá. Mo ní ìkòkò omi tèmi, mo ní ìṣó tí mo ń fi fìlà mi kọ́. Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo ti da omi sínú rédíétọ̀ dípò èyí tó jò lọ, mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì bó bá ti ń funfun, mo ti nu ojú rẹ̀. Mo fa ọ̀nà Èsìẹ́ bí ẹni fa okùn. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó níwájú, á na ọwọ́ sójú fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ àti ìyá wa á wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n á máa kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. A lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́ lọ́jọ́ kan. Adéọlá, ọmọ ọdún márùn-ún, dúró níwájú ọ̀kan tó jókòó tó di ọwọ́ mú, ó ní, "Màmá, kí ló dé tí wọn kò lọ sílé?" Ìyá rẹ̀ ní, "Wọ́n ń dúró de Bọ̀ọ̀dá Jọ́ọ̀sì kí ó wá fi ọkọ̀ gbé wọn." Ẹ̀rín ta. Ìyá wa gbá mi léjìká, ó ní, "Ọmọ mi ti jókòó." Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí irọ́ ló jókòó lé.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ Òkè-Ọdẹ, mo máa ń wá àwáwí. Mo ní kí n kọ́kọ́ tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe. Mo ní afárá kan ti wó. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gba ìsinmi ná. Mo mọ̀ pé bí a bá ń rìn ní ìrìn kúkúrú, tí mo sì ń bu omi fún un, ọkọ̀ náà á máa tàn wá lọ, ṣùgbọ́n kò lè gun òkè ọ̀nà yẹn. Báyìí ni ọyẹ́ lọ, tí ooru dé. Ọlọ́jà náà tún wá. Ó ní Ìyá Òkè-Ọdẹ ní ojú òun ti ṣú tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun ṣì ń mọ nǹkan. Kí Àdùkẹ́ wá, kí òun fi ọwọ́ wò ó. Ìyá wa kàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo fẹ́ sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, mo dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi, mo sì padà. Mo ní bóyá Ọlọ́run á ṣàánú. Ṣé Ọlọ́run ni mẹkáníìkì?

Àdéhùn wa ni pé a ó jáde ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń rán bùbá kan fún Ìyá Òkè-Ọdẹ. Ó ti parí rẹ̀ ní alẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó jí, ó fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀, ó ní kò tẹ́jú. Ó tú u. Ó ní, "Ọwọ́ ni ìyá yìí máa fi wo aṣọ. N kò fẹ́ kí ìka rẹ̀ kọ́ òwú." Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó ń rán an lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá Kékeré sì ń pariwo lójúde pé ilẹ̀ ti mọ́. Oòrùn ti ga kí a tó jáde.

A kọjá Àjàṣẹ́, a kọjá Ìgbàjà. Ìyá wa ń ka àwọn igi tó mọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń sọ ẹni tó ni oko. Lórí òkè kan ni ọkọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín funfun. Ẹ́ńjìnnì náà kan gbì, ó tún kan gbì, ó sì dákẹ́. Mo pọn omi láti inú odò kan nísàlẹ̀ òkè náà, mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ẹ́ńjìnnì ti gan, kò yí mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Òkè-Ọdẹ dúró. Awakọ̀ rẹ̀ mọ̀ mí, ó ní kí Ìyá wá jókòó sí iwájú. Ẹ̀gbọ́n mi àti èmi gbé e, ó fi ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn, ó sì ké. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ni?" Mo ní, "Rárá, Ìyá, ó ṣì kù díẹ̀." Ó ní, "Ẹ kúkú fi aṣọ náà ránṣẹ́." A gbé bùbá náà fún awakọ̀. Aṣọ lọ, àwa padà. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n wá túfọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù nísinsìnyí, kí n tó tún bẹ̀rù. Lọ́jọ́ tí wọ́n túfọ̀, ilé kún. Bàbá Kékeré ní, "Oòrùn ló pa ọkọ̀ yẹn. Bí kì í bá ṣe pé ìyàwó jókòó ti aṣọ rírán, àwọn méjèèjì ì bá ti rí ara wọn." Ó kọjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo mọ mọ́tò. Àbí irọ́ ni mo pa?" Gbogbo ilé ń wò mí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí, ó ń dúró dè mí, ojú rẹ̀ dàbí ojú ẹni tó na ọwọ́ sí ènìyàn láti inú omi. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ní rinlẹ̀ níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ọmọ ilé nìkan ló lè yọ òun. Mo ní, "Bí a bá ti jáde ní ìdájí ni, bóyá à bá dé." Mo fi "bóyá" kún un, ẹ ò rí i? Mo rò pé "bóyá" náà á gbà mí lọ́jọ́ ìdájọ́. Ó wólẹ̀ níwájú ìyá wa, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá wa gbé e dìde, ó ní kò sí ẹjọ́ lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ti gbọ́ ohun tó gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò rán aṣọ mọ́. Ó ta ẹ̀rọ náà.

N kò lò tó oṣù kan mọ́ nílé. Mo gbé àpò mi. Ní gáràjì Àjàṣẹ́ ni mo ti pàdé awakọ̀ akẹ́rù tó mú aṣọ náà lọ. Ó ní òun fi í lé Ìyá Òkè-Ọdẹ lọ́wọ́ fúnra òun. Ó ní ìyá náà fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ láti ọrùn dé apá, ó tún padà tọ̀ ọ́, ó wá ní, "Ẹni tó rán aṣọ yìí fara balẹ̀. Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mo rí i." Inú aṣọ náà ni wọ́n sin ín sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, mo wọ ọkọ̀ Jọ́ọ̀sì, n kò sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Mo rìn títí orúnkún mi fi kọ̀. Ìyá wa kú lẹ́yìn mi, ẹ̀gbọ́n mi kú lẹ́yìn mi, Bàbá Kékeré náà ti lọ. Nígbà tí mo padà dé pẹ̀lú ọ̀pá, Ìyá Adéọlá ló jáde sí mi. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Jọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀. Omi ti gbóná."

Ní àná, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ tí òun á máa fi gbé ìyá òun kiri. Ó ń ṣiyèméjì láàárín tuntun kékeré kan àti tòkunbọ̀ ńlá kan. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ní, "Kí ni o ń rò sí? Bọ̀ọ̀dá Jọ́ọ̀sì wà nílé. Èyí tí wọ́n bá yàn la ó gbà." Wọ́n ní ọjọ́ Sátidé la ó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ̀yin tí ẹ níyàwó nílé, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. N kò bẹ̀rù kí wọ́n lé mi; mo ti sùn síta jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ẹbí ni mo ti purọ́ yẹn. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún òun nìkan, mo mọ̀ ọ́n, á dárí jì mí, á sì ní kí n má sọ ọ́ síta kí ojú má baà tì mí, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa rò ó títí láé pé ìyá àwọn ló fà á. Bí mo bá sì pe gbogbo ilé jọ, ṣé mo lè fi ọwọ́ ara mi ba orúkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní Gànmọ tó sì rẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin ọkùnrin, kí ẹ tó fi "ọmọ ilé ti sọ̀rọ̀" pa ìyàwó yín lẹ́nu mọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ ilé náà léèrè ohun tó ń wá. N kò rò pé n ó lè sùn títí ọjọ́ Sátidé. Ìkíni kan wà lọ́wọ́ mi fún obìnrin yìí, láti ọ̀dọ̀ òkú, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi ju ọjọ́ orí àbígbẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹ sọ fún mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi jẹ́ ẹ?